Ṣé 3.1 K ti gbóná jù fún aṣàwárí fótọ́ọ̀nù?

Ìbéèrè: SNSPD (aṣàwárí tó ń fi wáyà tín-ín-rín ka fótọ́ọ̀nù, ìyẹn ẹyọ ìmọ́lẹ̀, lọ́kọ̀ọ̀kan) tí a fi NbN (náyóbíọ̀mù náítíráìdì) ṣe la ń lò, ní 2.3 K (kẹ́lífìn, ìwọ̀n ìgbóná). Ní báyìí, ẹ̀rọ ìmúǹkantutù wa kò lọ sílẹ̀ ju 3.1 K mọ́. Òǹkà èké (kíkà tí kì í ṣe ti fótọ́ọ̀nù tí a ń wá) ti pọ̀ sí i, nígbà míì ẹ̀rọ náà á kàn dákẹ́. Ṣé ó ti bàjẹ́ ni?

Ìdáhùn: Ó jọ pé kò tíì bàjẹ́. Kọ́ráǹtì tí ẹ ń fún un ló ti pọ̀ jù fún ibi tí ìgbóná dé.

Wáyà inú rẹ̀ nípọn tó nǹkan bíi nánómítà 5, ó sì fẹ̀ tó bíi 100. Bó bá tutù tó, iná ń gba inú rẹ̀ kọjá láìsí ìdènà rárá. A máa ń gbé kọ́ráǹtì sún mọ́ òpin èyí tó lè gbé, kí fótọ́ọ̀nù kan ṣoṣo lè dá ìdènà sílẹ̀ nínú rẹ̀. Bí ìgbóná ṣe ń gòkè ni òpin yẹn ń wálẹ̀. Ẹ ò fọwọ́ kan kọ́ráǹtì yín, òpin ló wá bá a. Wáyà wá ń ka ohun tí kò sí. Ti dídákẹ́ yẹn, ojú ibi tó gbóná ni kò ráyè tutù, nítorí kọ́ráǹtì ò yé gbóná sí i. Ẹ pa kọ́ráǹtì fúngbà díẹ̀, yóò padà sípò.

Ẹ tún òpin náà wọ̀n ní 3.1 K, kí ẹ wá fi ìmọ́lẹ̀ tó rọra ya àwòrán òǹkà sí kọ́ráǹtì. Bí òǹkà bá tẹ́jú kí èké tó fò sókè, ẹ jókòó síbi tó tẹ́jú náà, kò séwu. Bí kò bá tẹ́jú rárá, fótọ́ọ̀nù ń bọ́ mọ́ yín lọ́wọ́, àkókò tí ẹ ń kọ sílẹ̀ á sì máa gbọ̀n sí i. Ìtutù nìkan ló lè tún un ṣe. WSi, ohun èlò mìíràn tí wọ́n fi ń ṣe irú wáyà yìí, ì bá ti jìyà ju báyìí lọ, torí kò dé 5 K kó tó pàdánù agbára rẹ̀.

Èké tó ń rọra gòkè pẹ̀lú òǹkà gidi kì í ṣe ti wáyà. Ooru yàrá ló ń gba inú fáíbà (okùn tó ń gbé ìmọ́lẹ̀ wá sọ́dọ̀ wáyà) wọlé, ìmútutù ò sì lè lé e. Ẹ ká fáíbà náà kékeré níbi tó tutù.

Kí ẹ tó pe oníṣẹ́, ẹ wo ibi tí ohun tí ẹ fi ń wọn ìgbóná wà: bí kò bá sí lára ibùsọ̀ tí wáyà jókòó lé, 3.1 K yẹn lè má jẹ́ ti wáyà.