Ẹ Bi Wá: Ògiri Ti Bu, Onílé Ò Dáhùn

Ìbéèrè: Ẹ kú iṣẹ́ o. Ilé housing association (ẹgbẹ́ tó ń fi ilé háyà ní owó pọ́ọ́kú) ni èmi àti àwọn ọmọ mi ń gbé ní Peckham. Ògiri yàrá àwọn ọmọ ti bu, ó dúdú bí èédú. Mo ti fóònù wọn lẹ́ẹ̀márùn-ún. Ẹni tí wọ́n rán wá ní kí n máa ṣí fèrèsé. Ẹ̀gbọ́n mi ní kí n má san owó ilé mọ́. Ṣé kí n gbọ́ tiẹ̀? — Ìyá Ìbejì, Lọ́ńdọ̀nù

Ìdáhùn: Ẹ má gbọ́ tiẹ̀ o. Bí owó ilé bá wọ gbèsè, ẹ̀yin tí ẹ ní ẹjọ́ lẹ́nu ni wọn yóò pè lẹ́jọ́.

Fóònù lẹ́ẹ̀márùn-ún kò fi nǹkan kan sílẹ̀ lọ́wọ́ yín. Ẹ kọ ímeèlì. Ẹ sọ yàrá tó jẹ́, ìgbà tó bẹ̀rẹ̀, ọjọ́ tí ẹ pè wọ́n, àti ọjọ́ orí àwọn ọmọ. Bí ọ̀kan nínú wọn bá ní ikọ́ fée, ẹ kọ ọ́ síbẹ̀, torí ìlera ẹni tó ń gbé inú ilé wà lára ohun tí wọn yóò fi wọn bí ewu náà ṣe tó. Ẹ ya fọ́tò kí ẹ tó nu ògiri, kí ẹ gbé rúlà sí ẹ̀gbẹ́ ibi tó bu.

Láti ọjọ́ 27 oṣù October 2025 ni Òfin Awaab ti ń ṣiṣẹ́ ní England. Orúkọ Awaab Ishak ni wọ́n fi sọ ọ́, ọmọ ọdún 2 tí ebu ilé wọn ní Rochdale ṣekú pa ní 2020. Bí ọ̀rinrin àti ebu bá le, ọjọ́ iṣẹ́ 10 ni onílé ní láti wá yẹ̀ ẹ́ wò. Tí wọ́n bá yẹ̀ ẹ́ wò tán, wọ́n gbọ́dọ̀ kọ àbájáde rẹ̀ ránṣẹ́ sí yín láàárín ọjọ́ iṣẹ́ 3, kí wọ́n sì mú ewu kúrò láàárín ọjọ́ iṣẹ́ 5. Tí ewu náà bá jẹ́ ti pàjáwìrì, wákàtí 24 péré ni.

Ti fèrèsé yẹn ńkọ́? Ebu tó wà ní kọ̀rọ̀ àti ẹ̀yìn kọ́bọ́ọ̀dù sábà máa ń wá láti inú ọ̀rinrin inú afẹ́fẹ́ ilé tó di omi lára ògiri tútù. Èyí tó ń le sí i lẹ́yìn òjò, tó sì fi àbàwọ́n pupa rúsúrúsú sílẹ̀, ẹ fura sí gọ́tà tàbí páìpù. Fèrèsé ò lè wo ìyẹn sàn. Èyí ó wù kó jẹ́, iṣẹ́ onílé ni láti wádìí.

Ohun tó ń tan ọ̀pọ̀ èèyàn jẹ nìyí: pé ẹ ní kí wọ́n wá tún ilé ṣe kò tíì di ẹ̀sùn. Ẹ kọ «complaint, Stage 1» (ẹ̀sùn, ìpele kìn-ín-ní) gàdàgbà sókè ímeèlì. Ọjọ́ iṣẹ́ 5 ni wọ́n ní láti sọ pé ó dé ọwọ́ àwọn, 10 lẹ́yìn ìyẹn láti fèsì. Bí èsì kò bá tẹ́ yín lọ́rùn, ẹ béèrè Stage 2, ọjọ́ iṣẹ́ 20. Lẹ́yìn èyí, Housing Ombudsman, àjọ tó ń dá sí ẹjọ́ ayálégbé àti onílé, ló kù. Wọn kì í gba kọ́bọ̀.

Ìbéèrè: Housing association wa ń pe àwa ayálégbé sí ìpàdé. Ṣé kì í ṣe tíì àti bisikí lásán? — Bàbá Ṣẹ̀yẹ, Woolwich

Ìdáhùn: Nígbà mìíràn, bẹ́ẹ̀ ni! Ṣùgbọ́n ẹ lọ, kí ẹ béèrè iye ẹ̀sùn tí wọ́n gbà lọ́dún tó kọjá, àti mélòó tí wọ́n dáhùn lásìkò. Méjèèjì wà lára òṣùwọ̀n 22 tí wọ́n ní láti máa kó jọ láti April 2023, ẹnu ayálégbé ni 12 nínú wọn sì ti ń wá. Alábòójútó tí ìjọba yàn fún irú ilé bẹ́ẹ̀ tún ń fún àwọn ẹgbẹ́ ńlá ní máàkì, C1 (tó dára jù) dé C4 (tó burú jù). Ẹ béèrè tiyín.