Ojú tó ń ta lẹ́yìn iṣẹ́ abẹ léésà: ohun tí ojú tèmi rí

Ẹ pẹ̀lẹ́ o. Ẹ ní ó di ọ̀sẹ̀ kẹta tí wọ́n ti fi léésà, ìyẹn ìtànṣán ìmọ́lẹ̀ alágbára, tún ojú yín ṣe, pé ẹ ti ń ríran kedere láìlo awò, ṣùgbọ́n ńṣe ló dà bíi pé iyanrìn wà níbẹ̀ tọ̀sán-tòru, dókítà sì ní kò sí nǹkan kan. Ẹ wá ń bẹ̀rù pé ẹ ti fọwọ́ ara yín ba ojú yín jẹ́. Mo mọ ẹ̀rù yẹn dáadáa, ó jí oorun mọ́ mi lójú fún ọ̀pọ̀ oṣù.

Ohun tí ẹnikẹ́ni ò ṣàlàyé fún mi ṣáájú nìyí. Bí wọ́n ṣe ń ṣí awọ fẹ́ẹ́rẹ́ iwájú ẹyinjú bí ẹni ṣí ìdérí, wọ́n á gé àwọn iṣan kéékèèké tó wà níbẹ̀. Iṣan wọ̀nyí ló ń jẹ́ kí ara mọ̀ pé ojú ti ń gbẹ, kí omi lè sun. Títí wọn yóò fi hù padà, omijé á dín kù, èèyàn ò sì ní máa ṣẹ́jú tó. Fún ọ̀pọ̀ èèyàn, láàárín oṣù 6 sí ọdún kan ni ara á ti tù wọ́n. Oṣù 8 ni tèmi gbà.

Àárọ̀ ló burú jù. Ìpéǹpéjú á ti lẹ̀ mọ́ ẹyinjú. Tí mo bá lajú lójijì, á dà bíi pé wọ́n fi èékánná ha á. Ni mo bá kọ́ sùúrù. Màá yí ẹyinjú sọ́tùn-ún sósì ní ìdijú, màá fọwọ́ wá oògùn ojú lẹ́gbẹ̀ẹ́ ìrọ̀rí, màá kán ẹ̀kán kan sí igun ojú nítòsí imú, màá dúró kó rin wọlé, kí n tó rọra là á.

Àṣìṣe mi ni pé mo máa ń dúró kó ta kí n tó kán oògùn. Ẹ kán an kó tó ta, pàápàá kí ẹ tó jókòó ti kọ̀ǹpútà. Omijé àtọwọ́dá inú ike kékeré tí à ń lò lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo ni kí ẹ béèrè, torí kẹ́míkà tí wọ́n fi ń pa oògùn inú ìgò mọ́ lè máa ta ojú tí wọ́n ń kán an sí léraléra. Oògùn tó ń mú kí ojú pípọ́n funfun kò wúlò fún yín.

Ẹ jọ̀ọ́, bó ti wù kó yún yín tó, ẹ má fọwọ́ ra ojú. Awọ tí wọ́n ṣí yẹn lè yẹ̀. Bí ojú bá sì ṣàdédé ṣú, tó ń ro yín gan-an, tí ìmọ́lẹ̀ di ohun tí ẹ ò lè wò, tàbí tó ń ṣepin rẹpẹtẹ, ẹ padà sílé ìwòsàn lọ́jọ́ náà gan-an.

Ní ti dókítà tó ní kò sí nǹkan, ó ṣeé ṣe kó jẹ́ bí ẹ ṣe ń ríran nìkan ló yẹ̀ wò. Ẹ sọ fún un pé kó wọn omijé yín. Ìwé tẹ́ẹ́rẹ́ kan ni wọ́n fi há ìpéǹpéjú ìsàlẹ̀ mi fún ìṣẹ́jú 5; nígbà tí wọ́n yọ ọ́, etí rẹ̀ nìkan ló rin. Ìgbà yẹn ni wọ́n tó fi èdídí kan tí kò tó hóró ìrẹsì dí ihò tí omijé ń gbà ṣàn lọ sí imú. Láàárín ọ̀sẹ̀ yẹn ni mo lajú láàárọ̀ ọjọ́ kan tí kò ha mí.