Kí ló dé tí orin mi ń dàrú bí mo bá yí ohùn píánò padà?

Ìbéèrè: Ẹ kú iṣẹ́ o. Mo ṣẹ̀ṣẹ̀ ra píánò oníná. Bí mo bá fi Grand Piano ṣeré, ó ń dùn. Ṣùgbọ́n tí mo bá bọ́ sí Organ tàbí Strings (ohùn gòjé òyìnbó), orin tí mo mọ̀ dunjú á kàn dàrú mọ́ mi lọ́wọ́. Ṣé ẹ̀rọ náà ni kò dáa ni, àbí èmi ni mi ò mọ ohùn yàn?

Ìdáhùn: Kò sóhun tó ṣe ẹ̀rọ yín. Ọwọ́ píánò lẹ fi ń tẹ ọ́gàànì ni.

Ẹ tẹ kíì kan lórí Grand Piano, kí ẹ má gbé ìka: ohùn náà á máa rọlẹ̀ títí á fi parẹ́. Ti Organ kì í rọlẹ̀; àfi tí ẹ bá gbé ìka ló tó dákẹ́. Ìdí nìyẹn tí pẹ́dà, èyí tí ẹ ń fẹsẹ̀ tẹ̀ kí ohùn lè máa dún lọ lẹ́yìn tí ẹ bá gbé ìka, fi ń tún píánò ṣe, tó sì ń sọ ọ́gàànì di ariwo ọjà. Ẹ gbẹ́sẹ̀ kúrò níbẹ̀, kí ìka yín máa fa ohùn kan wọ inú èkejì. Ẹ má sì fagbára tẹ̀ ẹ́. Lórí ọ̀pọ̀ ẹ̀rọ, bí ẹ rọra tẹ Organ, bí ẹ gbá a, bákan náà ló ń dún, torí bẹ́ẹ̀ ni ọ́gàànì gidi ṣe rí.

Strings ní tirẹ̀ máa ń lọ́ra kó tó yọjú. Orin tí ìka ń sáré nínú rẹ̀ kọ́ ni tirẹ̀. Èmi kì í sábà lò ó lóun nìkan, abẹ́ píánò ni mo máa ń tẹ́ ẹ sí, kó rọlẹ̀ débi pé tí mo bá yọ ọ́ kúrò lẹ ó tó mọ̀ pé ó wà níbẹ̀. Àmọ́ tí ohùn méjì bá jọ ń dún, kíì kan ti ń gba àyè méjì nìyẹn. Ẹ̀rọ tó lè gbé ohùn 64 lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo kò ní gbé ju kíì 32 lọ mọ́, tí ẹ bá sì di pẹ́dà mú, àwọn ohùn tí ẹ kọ́kọ́ tẹ̀ á bẹ̀rẹ̀ sí í já.

E. Piano, ìyẹn Electric Piano, ló sún mọ́ ohun tọ́wọ́ yín ti mọ̀ jù. Ibẹ̀ ni kí ẹ ti bẹ̀rẹ̀.

Ẹ̀yin tí bọ́tìnì yín kò pọ̀, ẹ wo ìwé ẹ̀rọ: lórí ọ̀pọ̀ nínú wọn, ẹ ó di bọ́tìnì kan mú, ẹ ó wá tẹ kíì tó ni ohùn tí ẹ fẹ́. Tí ẹ bá paná tí ẹ sì tún tàn án, ó lè ti padà sí Grand Piano. Kò bàjẹ́ o.