Èsì: Ta ló fa ọwọ́ sẹ́yìn?

Ẹ kú ìrora àná o, Ìyá Aládìrẹ. Ẹ ní ọwọ́ yín kan ìkòkò tí ẹ fi ń yọ́ àbẹ́là ní Ìtokú, l'Abẹ́òkúta, ó sì ti fà sẹ́yìn kí ẹ tó mọ̀ pé ó jó yín. Ẹ wá ń bèèrè ẹni tó fà á. Kì í ṣe ọpọlọ o!

Lábẹ́ awọ ìka yín ni ẹnu àwọn sẹ́ẹ̀lì ìmọ̀lára wà. Sẹ́ẹ̀lì bẹ́ẹ̀ ní ara tí kókó rẹ̀ wà nínú rẹ̀, ó sì ní okùn tẹ́ẹ́rẹ́ kan, áksọ́ọ̀nù. Èyí tó ti ìdí ẹ̀yìn lọ dé ẹsẹ̀ lè tó mítà 1. Iná mànàmáná fẹ́ẹ́rẹ́ ló ń sáré lórí rẹ̀. Níbi tó parí sí, kò fara kan sẹ́ẹ̀lì kejì. Kẹ́míkà ló ń sọdá àlàfo náà, bí ọlọ́kọ̀ tó ń tukọ̀ gba Odò Ògùn kọjá.

Ìròyìn dé mùdùnmúdùn inú ọ̀pá ẹ̀yìn, ibẹ̀ ni wọ́n ti pàṣẹ fún iṣan apá: fà á! Ẹ̀dà rẹ̀ ṣẹ̀ṣẹ̀ ń gòkè lọ sí ọpọlọ ni, òun lẹ fi ké "yéè!"

Ìrora tó ń jó yín díẹ̀díẹ̀ lẹ́yìn náà, okùn tó ń gbé e kò ní ọ̀rá tó wé e bí rọ́bà ara wáyà. Ìròyìn orí okùn náà kì í sábà sáré ju mítà 2 lọ ní ìṣẹ́jú àáyá kan. Ìgbín ni.

Bó bá tún ṣẹlẹ̀, ẹ má fi epo pupa pa á. Omi ẹ̀rọ tútù ni, fún ogún ìṣẹ́jú.