Èsì: Ìdí tí àtẹ̀jíṣẹ́ Yorùbá fi ń jẹ owó púpọ̀

Ẹ kú iṣẹ́ o. Ẹ ní àtẹ̀jíṣẹ́ tí ẹ fi ń rán àwọn tó ní ẹ̀jẹ̀ ríru létí ọjọ́ àyẹ̀wò, ní Kábà àti Ìsánlú ní Ìpínlẹ̀ Kogí, ń jẹ ìlọ́po owó, àwọn kan kò sì rí i gbà rárá.

Àmì ọ̀rọ̀ ló fa ti owó. Lẹ́tà lásán 160 ni àtẹ̀jíṣẹ́ kan gbà. Ẹyọ "ṣ" kan ṣoṣo tó bá wọ inú rẹ̀, gbogbo rẹ̀ di Unicode (ìlànà ìkọ̀wé tó gba lẹ́tà oríṣiríṣi èdè), àyè sì já sí 70. Bó bá kọjá 70, ó pín, 67 péré ni apá kọ̀ọ̀kan ń gbà, owó àtẹ̀jíṣẹ́ kan sì ni wọ́n ń gbà lórí apá kọ̀ọ̀kan. "Ẹ́" tó ní àmì lókè àti nísàlẹ̀, méjì ni wọ́n ń kà á sí.

Fún ọjọ́ àti aago, ẹ yọ àmì kúrò. Bẹ́ẹ̀ náà la ṣe ń kọ ọ́ lórí fóònù lójoojúmọ́. Ẹ má fi ìlò oògùn ránṣẹ́ bẹ́ẹ̀ o. Ẹ gbà á sílẹ̀ bí ohùn, kí ẹ̀rọ pè wọ́n: ẹ̀ka èdè Owé fún Kábà, Yàgbà fún Ìsánlú. Àgbà tí kò mọ̀wé kà náà á gbọ́.

Èyí tí kò dé, ẹ wo DND, ètò tí èèyàn fi ń dí àtẹ̀jíṣẹ́ ìpolówó. Ẹni tó ti fi nọ́ńbà 2442 dí ìpolówó kò ní rí tiyín bó bá gba ojú ọ̀nà ìpolówó. Ẹ ní kí ilé-iṣẹ́ tó ń bá yín fi ránṣẹ́ gbé e sí ọ̀nà "transactional", ìyẹn ọ̀nà ìsọfúnni tí kì í ṣe ìpolówó.

Ẹ má sì kọ orúkọ àìsàn sínú rẹ̀. Ọmọ ló sábà máa ń ka fóònù fún ìyá, òfin ààbò dátà Nàìjíríà ti ọdún 2023 sì ka ọ̀rọ̀ ìlera sí àṣírí pàtàkì.