Èsì: Afárá ẹlẹ́sẹ̀ tó wọ igbó àdúgbò l'Ẹ́pẹ́

Ẹ̀gbọ́n, ẹ ní ṣé kẹ́ ẹ kàn pààrọ̀ pákó orí afárá yẹn ni àbí kẹ́ ẹ tún gbogbo ẹ̀ ṣe. Ẹ wo òpó inú omi ná o, ibi tí omi ti ń gòkè tó ń sọ̀ yẹn gan-an, torí ibẹ̀ ni igi ti máa ń kọ́kọ́ jẹrà, tẹ́ ẹ bá fi ọ̀bẹ gún un tó sì wọlé bí ìgbà téèyàn gún iṣu sísè, pákó tuntun ò lè gbà á là. Tó bá ṣì le, igi apá ni kẹ́ ẹ rà, ó wọ́n lóòótọ́, kẹ́ ẹ fi àlàfo díẹ̀ sáàárín pákó kí omi òjò ráyè ṣàn. Ìṣó lásán á dípẹtà létí ọ̀sà. Ẹ wá ri irin mọ́ ẹnu ọ̀nà afárá kí ọ̀kadà má bàa gbabẹ̀ jàre, ọlọ́kadà ló ba tiwa jẹ́.