Ilé ńlá lẹ́yìn ìlú, àbí ilé kékeré nítòsí ibi iṣẹ́?

Ìbéèrè: Ẹ kú iṣẹ́ o. Èmi àti ọkọ mi fẹ́ ra ilé, méjì la sì ń wò. Ọ̀kan jẹ́ oníyàrá mẹ́ta, kò ní àgbàlá kan tó ṣe é sọ, ṣùgbọ́n ìṣẹ́jú 25 ni láti ibẹ̀ dé ibi iṣẹ́ àwa méjèèjì. Ìkejì wà lẹ́yìn ìlú: yàrá márùn-ún, àgbàlá tí àwọn ọmọ lè sáré nínú rẹ̀, owó rẹ̀ sì fi ìdá kan nínú mẹ́rin dín sí ti àkọ́kọ́. Àmọ́ ìṣẹ́jú 75 ni àlọ nìkan. Ọmọ méjì la ní, èyí àgbà ṣẹ̀ṣẹ̀ bẹ̀rẹ̀ ilé ìwé. Ọkọ mi ní èkejì yẹn ò ṣe é fi sílẹ̀, pé ọ̀nà á mọ́ wa lára tó bá yá. Kí lẹ rí sí i?

Ìdáhùn: Ẹ kú ìpalẹ̀mọ́ o. Nínú gbogbo ohun tí àwọn tó ń ra ilé ń bi mí, èyí ló wọ́pọ̀ jù, ibì kan náà ni mo sì ti máa ń bẹ̀rẹ̀: ẹ bi ara yín pé kí ló dé tí owó ilé yẹn fi dín. Kì í ṣe pé àánú ṣe ẹni tó ń tà á. Láti ọdún 1964 ni William Alonso, onímọ̀ ọrọ̀ ajé àti ètò ìlú ní Amẹ́ríkà, ti ṣàlàyé rẹ̀: bí ilẹ̀ bá ṣe ń jìnnà sí àárín ìlú ni owó rẹ̀ ń wálẹ̀, torí ẹni tó fẹ́ rà á ti yọ owó ọkọ̀ àti wàhálà ọ̀nà kúrò kó tó dá owó lé e. Ìdá kan nínú mẹ́rin tí ẹ rí yẹn, owó ọ̀nà ni. Ẹ ò ní san án fún onílé, ojú títì lẹ ó ti máa san án díẹ̀díẹ̀.

Ẹni tí ìrìn rẹ̀ yàtọ̀ sí ti ọ̀pọ̀ èèyàn ni ilé ọ̀nà jíjìn máa ń ṣe lóore. Ẹni tó ń ti ilé ṣiṣẹ́, ẹni tí ibi iṣẹ́ rẹ̀ gan-an wà lẹ́yìn ìlú, nọ́ọ̀sì tó ń lọ síbi iṣẹ́ nígbà tí àwọn yòókù ń darí bọ̀: irú wọn jẹ ẹ̀dínwó náà, wọn ò sì san án padà níbì kankan. Ẹ̀yin méjèèjì ńkọ́? Tó bá jẹ́ pé pẹ̀lú gbogbo ayé lẹ jọ ń jáde láàárọ̀, tí ẹ tún jọ ń há sínú sún-kẹẹrẹ-fà-kẹẹrẹ nírọ̀lẹ́, ẹ ò tíì rí nǹkan kan gbà.

Ẹ jẹ́ ká ṣírò rẹ̀. Ìṣẹ́jú 50 ni ìyàtọ̀ àlọ, àlọ àti àbọ̀ di 100 lójúmọ́. Ẹni tó ń ṣiṣẹ́ ọjọ́ márùn-ún lọ́sẹ̀, fún ọ̀sẹ̀ 46 lọ́dún, yóò lọ síbi iṣẹ́ lọ́jọ́ 230. Ìyẹn jẹ́ ìṣẹ́jú 23,000, ìyẹn wákàtí 383. Tí ẹ bá fi ọjọ́ iṣẹ́ oníwákàtí mẹ́jọ pín in, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ tó ọjọ́ 48, ẹnì kan ṣoṣo la sì ṣì ń sọ o. Àmọ́ tó bá jẹ́ ọjọ́ méjì péré lọ́sẹ̀ ni ọ́fíìsì fẹ́ máa rí yín, ó di wákàtí 153 lọ́dún. Ọ̀rọ̀ ti yí padà nìyẹn. Ìdí rèé tí mo fi máa ń sọ fáwọn èèyàn pé kí wọ́n tó wo iye yàrá, kí wọ́n kọ́kọ́ wo iye ọjọ́ tí wọ́n máa jáde.

Ní ti owó, ibi tí àwọn èèyàn ti ń ṣì í ni pé wọ́n á gbé gbogbo ìyàtọ̀ owó ilé méjèèjì síwájú, á wá dà bí òkìtì owó tí wọ́n jèrè lẹ́ẹ̀kan náà. Tó bá jẹ́ ẹ̀yáwó lẹ fẹ́ fi ra ilé, oṣooṣù ni ìyàtọ̀ yẹn ń wá, èyí tí wọ́n á pín sí ogún ọdún tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ẹ ní kí bánkì ṣírò owó oṣù ilé méjèèjì fún yín, kí ẹ kọ ìyàtọ̀ rẹ̀ sílẹ̀. Lẹ́yìn náà, ẹ kọ ohun tí ọ̀nà á máa gbà lóṣù sí ẹ̀gbẹ́ kejì: epo, táyà, búréèkì, owó mẹkáníìkì, owó ìbánigbófò, owó ibi ìgbọ́kọ̀sí. Kí ẹ wá bi ara yín bóyá ilé ẹ̀yìn ìlú yẹn á mú kí ẹ ra ọkọ̀ kejì. Ọkọ̀ kejì yìí ló sábà máa ń gbé gbogbo èrè náà mì. Nínú owó tí ẹ ń san fún bánkì, apá tó jẹ́ ojú owó ń di ti yín nínú ilé, bó tilẹ̀ jẹ́ pé èlé ti bá tirẹ̀ lọ. Ọkọ̀ ní tirẹ̀, ọdọọdún ni iye rẹ̀ ń dín kù. Ilé ńlá náà kì í sì í dá wá: òrùlé rẹ̀ fẹ̀, ọ̀dà tó máa gbà pọ̀, yàrá tó ṣófo sì ń wá bẹ́ẹ̀dì.

Ọkọ yín ní ọ̀nà á mọ́ yín lára. Mo fẹ́ kí wọ́n gbọ́ ohun tí Bruno Frey àti Alois Stutzer, onímọ̀ ọrọ̀ ajé ní Switzerland, gbé jáde lọ́dún 2008. Wọ́n yẹ ohun tí àwọn agboolé ní Jámánì ń sọ nípa ayé wọn lọ́dọọdún wò. Tó bá jẹ́ pé ilé olówó pọ́ọ́kú tàbí owó oṣù tó pọ̀ ń dí àlàfo ọ̀nà jíjìn bó ṣe yẹ, kò yẹ kí ìtẹ́lọ́rùn ẹni tó ń rìn jìnnà kéré sí ti ẹni tó ń rìn nítòsí. Kíkéré ló sì kéré. Ohun tí èmi náà rí lára àwọn oníbàárà mi ni pé ilé ńlá ló máa ń mọ́ni lára. Ọ̀nà tí ò ṣe é sọ tẹ́lẹ̀, tó jẹ́ wákàtí kan lónìí, tó di méjì lọ́la, kì í mọ́ ẹnikẹ́ni lára.

Èyí ló ń jẹ́ kí n fura sí ìṣẹ́jú 75 yẹn. Ta ló sọ ọ́? Tó bá jẹ́ ẹni tó ń bá wọn ta ilé ni (ọ̀sán ọjọ́ Àìkú ni wọ́n sábà máa ń múni lọ wò ó), ẹ má gbà á bẹ́ẹ̀. Ẹ wa ọkọ̀ lọ láàárọ̀ ọjọ́ Ajé, kí ẹ sì bá ọ̀nà kan náà padà nírọ̀lẹ́, tó bá ṣe é ṣe nígbà tí òjò ń rọ̀. Google Maps náà á jẹ́ kí ẹ yan aago tí ẹ fẹ́ jáde. Yóò fi iye tó kéré jù àti iye tó pọ̀ jù hàn yín. Èyí tó pọ̀ jù ni kí ẹ fi ṣírò, torí òun lẹ máa fi jí láàárọ̀.

Lọ́dún 1994, Cesare Marchetti, onímọ̀ físíìsì ọmọ Ítálì, kọ ọ́ pé láyé àtijọ́ àti láyé òde òní, nǹkan bíi wákàtí kan ni ọmọ èèyàn ń lò lójú ọ̀nà lójúmọ́. Ilé oníyàrá mẹ́ta wà nínú ìwọ̀n yẹn. Wákàtí méjì ààbọ̀ ni ti oníyàrá márùn-ún.

Ẹ má tún gbàgbé àwọn ọmọ. Tí olùkọ́ bá pè lọ́sàn-án pé ara ọmọ gbóná, ta ló máa dé ọ̀dọ̀ rẹ̀ ṣáájú? Tí ibi iṣẹ́ ẹ̀yin méjèèjì bá jìnnà tó ìṣẹ́jú 75, ẹ gbọ́dọ̀ ní ẹni tí ẹ fọkàn tán nítòsí ilé, kí ẹ sì fi owó tí ẹ máa san fún un kún ìṣírò. Mi ò sọ pé àgbàlá ò ṣe pàtàkì o. Ọmọ tó ń rí ibi ṣeré, àǹfààní gidi ni. Àmọ́ ẹ ka yàrá márùn-ún yẹn lọ́kọ̀ọ̀kan, kí ẹ sọ ẹni tó máa wà nínú rẹ̀ lọ́jọ́ Ìṣẹ́gun. Yàrá tó bá jẹ́ ti àlejò nìkan, ẹ má tìtorí rẹ̀ rìn jìnnà.

Ní tèmi o, bí ìwé ìgbanisíṣẹ́ kò bá sọ pé ọ̀kan nínú yín lè máa ti ilé ṣiṣẹ́ ọjọ́ mẹ́ta lọ́sẹ̀, oníyàrá mẹ́ta ni mo máa rà. Àdéhùn ẹnu kò tó. Ọ̀gá tó sọ ọ́ lónìí lè má sí níbẹ̀ lọ́dún tó ń bọ̀, ẹ̀yáwó yín á sì wà níbẹ̀. Kí ẹ tó fọwọ́ sí i, ẹ béèrè lọ́dọ̀ àwọn tó ń fọwọ́ sí àwòrán ilé bóyá wọ́n máa gbà kí ẹ fi yàrá kan kún un lọ́jọ́ iwájú. Tí ọkàn ọkọ yín ò bá sì kúrò lára àgbàlá, ẹ mú máàpù ọkọ̀ ojú irin, kí ẹ wá ilé oníyàrá mẹ́rin tó ṣe é fẹsẹ̀ rìn dé ibùdókọ̀ láàárín ìṣẹ́jú mẹ́wàá, kí gbogbo ìrìn náà má sì ju ìṣẹ́jú 45 lọ. Nínú ọkọ̀ ojú irin, èèyàn lè sùn, ó sì lè kàwé. Ẹ kàn rí i dájú pé èyí tó ń lọ kẹ́yìn lálẹ́ kì í ti lọ kí ẹ tó parí iṣẹ́.